Ọjọ́ Tí Gbédègbẹ́yọ̀ Kọ́ Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Ní Lárúbáwá

Kò sẹ́ni tó fún un lórúkọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀ ní Gbédègbẹ́yọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀, ìwé títẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀, yàrá kan. Kọ̀ǹpútà kan. Ìyàwó kan nídìí ẹ̀rọ fótòkọ́pì. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló pọ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà ilé ìwòsàn òdìkejì títì mú ìwé ìtọ́ni aláboyún wá, kó tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, Faransé àti Lárúbáwá. Tí èyí bá dára, gbogbo ìwé ilé ìwòsàn di tirẹ̀ nìyẹn.

Ó tẹ Yorùbá, ó tẹ Faransé, ó tẹ̀ wọ́n dáadáa. Kò tíì fi wọ́n pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ni, kí ló ń lé e? Ó ku Lárúbáwá, tó fẹ́ máa wò lára bébà, kó máa tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò gbà ju kó fi kíbọọ̀dù Lárúbáwá kún ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti padà dé, ó ti jókòó, ó ń wò ó. Iṣẹ́ kékeré ò wá yẹ ẹ́ mọ́.

"Ẹ máa wò ó, mà. Gbogbo kọ̀ǹpútà yìí pátá ló máa sọ Lárúbáwá."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ ni?"

"Èdè wo ni mi ò gbọ́, mà?"

Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ òtútù.

Ó yí èdè kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ sí Lárúbáwá. Gbogbo bọ́tìnnì apá òsì kó lọ sápá ọ̀tún. Kò mọ orúkọ ọ̀kankan mọ́. Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó fẹ́ pa ojú ìwé náà dé. Àpótí kan yọ gannboro. Bọ́tìnnì méjì nínú rẹ̀.

"Kí ló ń bi yín?" Ìyàwó rẹ̀ ti na ọrùn.

"Ó ń kí wa káàbọ̀ ni."

"Ìkíni tó ní àmì ìbéèrè nídìí?"

Ó tẹ ọ̀kan. Ojú ìwé pòórá. Yorùbá lọ. Faransé tẹ̀ lé e.

"Ìwé mi ńkọ́?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Iná ló lọ, mà."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. Fáànù ń yí lórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń fẹ́ wọn lára dáadáa. Ó kó bébà rẹ̀ sínú báàgì, ó jáde.

"Ẹ ò bá kúkú sọ pé ẹ ò lè kà á," ni ìyàwó wí. "Wọn ì bá dúró."

"Èmi? Kí n sọ̀yẹn lẹ́nu ara mi?"

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti ń sọdá títì lọ, nínú báàgì nọ́ọ̀sì.