Ohun Tó Wà Láàárín Kànga Méjì

Ìyá Ẹja ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, kì í sì í ṣe pé ó ń ta ẹja o. Onímọ̀ àpáta ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya àwòrán òkúta tí epo rọ̀bì sá pamọ́ sí lábẹ́ ilẹ̀, kí àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo lè mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi ọdọọdún bá dé, inú òkun ló máa ń wọ̀ lọ, tòun ti àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, láti lọ wo iyùn tó ṣì wà láàyè, ẹ̀dá inú omi tó máa ń kọ́ òkìtì òkúta. Màmá rẹ̀ ní obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ kì í wọ irú aṣọ rọ́bà bẹ́ẹ̀ jáde. Ó dáhùn pé, "Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, inú omi yẹn ni ilé ìwé mi wà."

Kò purọ́. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wá epo sí, iyùn inú òkun ló jẹ́ nígbà ìwáṣẹ̀, kí ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òkú ṣe gbé ayé, kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Ohun tí obìnrin yìí sì rí lábẹ́ omi kò jọ ohun tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń yà rárá. Kọ̀ǹpútà a máa tẹ́ òkúta bí ẹní, láti igun dé igun. Nínú òkun, òkìtì iyùn kan á wà níhìn-ín, ẹrẹ̀ funfun á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀ọ́kán kí o tó kan òkìtì mìíràn. Epo lè gba inú òkúta iyùn kọjá. Ẹrẹ̀ tó bá ti di òkúta kì í yà fún nǹkan kan.

Orí kànga méjì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá òkúta iyùn nínú ti ìlà oòrùn, wọ́n tún bá a nínú ti ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó sì máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan tètè parí, ní kí kọ̀ǹpútà so méjèèjì pọ̀. Wọ́n fẹ́ máa da omi sínú ọ̀kan kó lè ti epo jáde láti inú èkejì. Ó ku kí Ìyá Ẹja fọwọ́ sí àwòrán náà. Ìyá Ẹja yarí kanlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ọ̀gá wí, "iyùn níhìn-ín, iyùn lọ́hùn-ún, kí ló tún kù?"

"Àárín ló kù."

"Kí ló máa wà láàárín iyùn bí kò ṣe iyùn?"

Ìyá Ẹja mú fọ́tò ibi tó ti lúwẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n yà láti òkè, ó fẹ̀ ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àwòrán ọ̀gá, ó gbé e lé e lórí. Kànga méjèèjì bọ́ sórí òkìtì iyùn méjì. Ẹrẹ̀ ló kún àárín wọn bámúbámú.

Ọ̀gá ní ti òkun wà fún ẹja, ti abẹ́ ilẹ̀ wà fún àwọn tó ń gbowó oṣù. Ó ní bí kò bá fọwọ́ sí i kí alága ilé iṣẹ́ tó dé, kó yáa palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́.

Inú bí Ìyá Ẹja gan-an. Ẹ̀rù náà sì bà á, torí ilé iṣẹ́ ló ń sanwó oògùn màmá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìyá àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni alága. Nígbà tó dé, Ìyá Ẹja dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó sì rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ àárín wò.

Alága wò ó. "Owó ńlá nìyẹn. Ìwọ ọmọ yìí, bí a bá gbẹ́ ẹ, tó jẹ́ iyùn la bá níbẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mà."

Ó fa ìwé funfun kan yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i níwájú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló ti ìwé mìíràn àti bírò sí iwájú ọ̀gá.

"Ó yá, sà. Ẹ̀yin lọ́rọ̀ dá lójú. Ẹ kọ tiyín pé bó bá jẹ́ ẹrẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ."

Ọ̀gá tún táì rẹ̀ ṣe. "Kò tó èyí, mà. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò ẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà ò níṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀, sà."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yáa fi ikọ́ bò ó. Alága ń wo bírò tí ọ̀gá ò fọwọ́ kàn.

"Ẹ gbẹ́ àárín," ló wí.

Ọ̀gá yára mú ìwé tí Ìyá Ẹja kọ, ó ní ìbínú ló mú obìnrin náà kọ ọ́, kí wọ́n dá a padà fún un kó fà á ya. Ìyá Ẹja gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún alága.

"Ọwọ́ yín ni kó wà, mà. Mi ò kọ ọ́ kí n lè gbà á padà."