Ohùn Tó Ní Kí N Tan Ààrò ní Ìsọlọ̀

Ẹ lè sọ pé ooru ló mú mi. Kò burú. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ̀ pé ojú mi dá, orí mi sì pé.

Ààrò gáàsì ni mo máa ń tún ṣe, àwọn ńlá tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Ìyá Dámilọ́lá, tó ni ilé búrẹ́dì kan ní Ìsọlọ̀, pè mí pé ààrò òun kò gbaná mọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: bọ́ọ̀dù tó ń ṣáná sí gáàsì ti jóná. Lọ́jọ́ kejì mo gbé tuntun lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ó ní òun fẹ́ sáré ra yíìsì ní Òṣòdì. Àwọn òṣìṣẹ́ kò wá, torí kò sí iṣẹ́. Ó ku èmi nìkan. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo fọwọ́ ara mi ti sílíńdà gáàsì pa. Ẹ gbà mí gbọ́, mo tì í.

Mo tú bọ́ọ̀dù àtijọ́, mo de tuntun mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so wáyà. Ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú, imú mi dí pa.

Bí mo ṣe so wáyà tó kẹ́yìn tán ni mo gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìnkùlé, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ:

"Ẹnjiníà, mo ti ṣí gáàsì. Ẹ tàn án."

Ohùn Ìyá Dámilọ́lá ni. Mo rò pé ó ti dé. Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo nawọ́ sí súìsì.

Fóònù mi dún. Ìyá Dámilọ́lá.

"Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Mo ṣì wà ní Bọ́ládé l'Óṣòdì níbí, mi ò tíì rí mọ́tò."

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ohùn yẹn tún sọ̀rọ̀, ó ti sún mọ́ ilẹ̀kùn báyìí: "Ẹ tàn án."

Mo gba iwájú jáde. Èmi àti bàbá tó ń lẹ táyà lódìkejì títì la jọ yí lọ sẹ́yìn. Kò sí ẹnì kankan. Géètì ẹ̀yìn ṣì wà ní títì. Ṣùgbọ́n sílíńdà tí mo tì ti ṣí dé òpin. Bàbá náà ló gbóòórùn pé gáàsì ti kún inú ilé. Ó ti pẹ́ tó ti ń dà. A tì í pa, a sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ká ní mo tẹ súìsì yẹn ni, ẹlòmíì ni ì bá máa sọ ìtàn mi fún yín.

Nígbà tí Ìyá Dámilọ́lá dé, mo rò ó fún un. Kò pariwo. Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó bi mí pé, "Ṣé ẹ dá a lóhùn?"

"Mo dá a lóhùn, mà."

Ó ní, "Ọkùnrin tó ń yan búrẹ́dì fún mi tẹ́lẹ̀, iná jó o. Kó tó kú ní ọsibítù, ó ní èmi ni mo ní kóun tan ààrò. Ilé mi ni mo wà lọ́jọ́ náà, Ẹnjiníà. Mo ṣì ń sùn lórí ibùsùn mi."

Ta ló ń lo ohùn rẹ̀, kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn gbé gáàsì náà lọ tán, mo ṣí sílíńdà, Ìyá Dámilọ́lá dúró síbi tí mo ti ń rí i, mo tan ààrò, ó gbaná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́ dòní.

Ṣùgbọ́n mo ti dá a lóhùn, mi ò sì mọ ohun tí mo fọwọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ gáàsì, tí wọ́n bá ní kí ẹ tan iná, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu tó sọ ọ́.