Olùkọ́ Ẹ̀rọ àti Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Rẹ̀ Dì

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe kò yé ẹnì kankan ládùúgbò. Wọ́n mọ̀ pé ó máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń bá àwọn èèyàn tàkurọ̀sọ lórí fóònù, pé òun ló sì ń kọ́ ẹ̀rọ náà ní ohun tó máa ṣe. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Olùkọ́ Ẹ̀rọ nìyẹn. Aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ tiẹ̀ ń búra pé òun gbọ́ ọ níbi tó ti ń bá ẹ̀rọ náà wí pé, "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?" Bó bá jẹ́ irọ́, irọ́ tó jọ òótọ́ ni. Ìka obìnrin yìí yá lórí bọ́tìnnì débi pé eṣinṣin tó bá ṣèèṣì bà síbẹ̀ kò ní ráyè fò, àfi kó máa fẹsẹ̀ sáré láti A dé Z.

Àṣẹ ló ń kọ fún ẹ̀rọ. Èyí tó fi gbajúmọ̀ jù jẹ́ méjì, "dì" àti "tú". Bí èèyàn bá fa ìlà kan tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó kọ "dì" tẹ̀ lé e, tó wá kọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, ẹ̀rọ á fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, á sì tọ́jú ọ̀rọ̀ náà ní wúruwùru bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ ẹ padà, á kọ "tú". Kò sí idán kankan níbẹ̀. Obìnrin yìí gé bébà sí wẹ́wẹ́, ó kọ lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà lójú bọ́tìnnì sí wọn, ó kó wọn sínú ife, ó mì í, ó wá ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ló fi sábẹ́ A, èyí tó tẹ̀ lé e ló fi sábẹ́ B, títí wọ́n fi tán. O di T, U di E, W di B. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé aláwọ̀ ewé kan ní ìlà méjì, ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀. Tíì dà sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ní àṣẹ yìí ni bàbá rẹ̀. Ogójì ọdún ni bàbá náà fi ń gé kọ́kọ́rọ́, tó ń tún àgádágodo ṣe. Wọ́n ní bó bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn ilẹ̀kùn mìíràn á fúnra wọn ṣí díẹ̀ láti kí i.

"Bàámi, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín síbí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ti parí."

"Ó parí bíi ti báwo? Mi ò gbọ́ kó dún kọ́."

"Ẹ̀rọ ni, Bàámi. Kì í dún."

"Kò dún, o wá ń sọ fún mi pé ó ti tì. Ṣé iṣẹ́ tí mo rán ẹ lọ kọ́ nìyí?"

Bàbá yìí kì í ti ilẹ̀kùn kó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́, á dúró, á tún yí i, kọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó fi ìyàwó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó padà sílé lọ gbọ́ kọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òun fi jókòó nínú ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí i, ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà a máa di wákàtí méjì, òjò á sì tún rọ̀ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n gbé bàbá náà dé ilé ìwòsàn. Ìfun rẹ̀ ló lọ́ pọ̀. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó ń wò, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó kéré lọ́jọ́ orí jáde wá bá Olùkọ́ Ẹ̀rọ àti ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"A gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá lónìí, a ò sì lè fi falẹ̀. Ṣé oògùn kan wà tí ara wọn kì í gbà?"

Ìyá káwọ́ lérí. "Ó wà o! Oògùn oorun kan tí wọ́n fún un nígbà tó wà lápọ́n, díẹ̀ ló kù kó má jí mọ́."

"Kí lorúkọ oògùn náà, mà?"

"Kò sọ ọ́ rí. Ó ní ẹni tó bá ti mọ ohun tó lè pa òun, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ òun lọ́wọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìyàwó wọn?"

"Èmi ló tiẹ̀ ń sá fún jù!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. "Oríṣi mẹ́rin la ní níbí. Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ òun. Ìdajì wákàtí ni mo lè fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí mo mọ̀ ọ́n lò jù ni mo máa lò, ká sì máa gbàdúrà."

Olùkọ́ Ẹ̀rọ ti na ọwọ́ sínú báàgì ìyá rẹ̀, ó yọ fóònù bàbá. Ó ṣí ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá dì láti ìgbà tó ti mọ àṣẹ náà. Ìlà kan péré ni, "kkbjx" ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ "tú", ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ fèsì: "vvaqd", wúruwùru mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ó rántí ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ràn àdììtú inú ìwé ìròyìn, ló jókòó ti ife tíì kan, tó sì tú gbogbo àṣírí àbúrò rẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbọ́, ó ní kí Olùkọ́ Ẹ̀rọ pààrọ̀ ìlà lẹ́tà kíá. Ẹ̀rọ ti kéde fún gbogbo oníbàárà láti ọ̀sẹ̀ méjì pé kí wọ́n tú ohun tí wọ́n bá dì kí ọjọ́ náà tó pé. Bàbá ò ka ìkéde. "A dúpẹ́" ló fi dá ẹ̀rọ lóhùn. Láàárọ̀ yẹn, ọmọ rẹ̀ fi ìlà tuntun sínú ẹ̀rọ, ó sì pa ti àtijọ́ rẹ́ pátápátá. Ìwé aláwọ̀ ewé nìkan ló kù tí ìlà àtijọ́ wà, inú àpótí tábìlì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló sì wà. Béèyàn bá wọkọ̀, wákàtí kan gbáko ni ibẹ̀.

Ó pe ilé iṣẹ́. Nínú gbogbo ẹni tó lè gbé fóònù, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló gbé e. Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni ọdún tuntun fún ọ̀gá lóṣù kìíní, oṣù kẹta ló kí i tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí tábìlì mi. Ìwé aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀."

"Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n! Bàámi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mí wọn wà nínú ìwé yẹn!"

Ó gbọ́ ìró àpótí tí wọ́n fà. "Ìwé aláwọ̀ ewé méjì ni mo rí."

"Èyí tí tíì dà sí."

"Tíì dà sí méjèèjì, àbúrò."

Ó di ojú rẹ̀. "Ẹ wo ojú ewé àkọ́kọ́. Èyí tó ní ìlà lẹ́tà méjì."

"Ẹn-ẹ́n. Mo ti rí i. Ṣé kí n máa kà á?"

"Ẹ kà á, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kà á!"

Nọ́ọ̀sì kan yá a ní bírò. Ẹ̀yìn káàdì ilé ìwòsàn ló kọ ọ́ sí, ó kúnlẹ̀, ó fi àga ṣe tábìlì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń kà, "A lókè, C nísàlẹ̀. B lókè... ẹ dúró, kí n gbé awò mi... B lókè, L nísàlẹ̀." Láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, èèyàn lè gé ìrun, kó sì tún hù. Ṣùgbọ́n kò ṣì í kan. Nígbà tó fi dé Z, ìṣẹ́jú méjìlá ti lọ.

Obìnrin náà wá K nísàlẹ̀, ó bá T lókè rẹ̀. K kejì, T náà ni. B di W. J di E. X di P.

"Ttwep."

Ó wò ó títí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kankan láyé yìí. Ó tú èyí tó tẹ̀ lé e, òun náà ò jọ nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún kà á. Ó ní ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í."

"Mi ò ṣì í, àbúrò."

"Ẹ ṣáà tún un kà!"

Ó tún un kà. Kò yàtọ̀ ní lẹ́tà kan. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì bàbá kọjá. Ẹsẹ̀ bàbá méjèèjì yọ lábẹ́ aṣọ funfun, wọ́n ti hunjọ bí ẹsẹ̀ ẹni tó wà nínú omi títí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù o, àǹtí."

Gbogbo ohun tí Olùkọ́ Ẹ̀rọ ti kọ́ ẹ̀rọ láti ọdún wọ̀nyí wá, kò rí èyí tó wúlò nínú rẹ̀. Bóyá bàbá ò fi awò sójú lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Bóyá ó kàn ń dán bọ́tìnnì wò ni. Òun ọmọ ló wá fúnra rẹ̀ pa ọ̀nà rẹ́ láàárọ̀, tó tún mu tíì lé e lórí.

Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ wo káàdì. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ilé yẹn gan-an ńkọ́? Mo sáré jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá jí tó gbọ́, ìjà dé nìyẹn. Á ní mi ò tì í rárá."

Bírò dúró lórí káàdì.

"Màámi, kí lẹ sọ?"

"Mo ní mi ò ti ilé dáadáa ni. Bàbá ẹ á sì..."

Ọmọ ò gbọ́ èyí tó kù. Ó ti padà sórí "ttwep". T nísàlẹ̀, O lókè. T kejì, O. W, G. E, U. P, N.

"Oogun."

Bàbá dì í, kò gbọ́ kọ́. Ó wá mú wúruwùru tí ẹ̀rọ fún un, ó tún un dì.

Kò ráyè tú gbogbo rẹ̀. Ó fo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké, ó lọ bá èyí tó gùn jù. Ó ń tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, òógùn ń kán sórí káàdì, ìyá rẹ̀ ń fi etí aṣọ nù ún kó má baà pa á rẹ́. Nígbà tó kù lẹ́tà méjì, kò dúró mọ́. Ó dìde, ó sáré, ó ń tú u lọ lórí ìrìn, ó sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Dókítà! Òun nìyí!"

Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́. Ó wo káàdì, ó ka orúkọ náà lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí abẹ́rẹ́ tó ti fà, tó wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàbá. Ó mú un. Ó jù ú sínú garawa, ó ní kí wọ́n mú ìgò mìíràn wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá la ojú, ó sì mọ àwọn tó ń wò. Kò béèrè omi. Kò béèrè ohun tí wọ́n gé kúrò níkùn rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, ṣé ẹ ti ilé?"

"A tì í, Bàbá wọn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni o. Kọ́, kọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi."

Bàbá mí kanlẹ̀, ó di ojú. Ìyá ò jẹ́ kí ojú òun àti ti ọmọ pàdé. Ọmọ mú báàgì rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sáré wọkọ̀ lọ ilé. Ilẹ̀kùn wà bí ìyá ṣe fi í sílẹ̀. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i, ó sì gbé etí tì í.

Kọ́.