Sáfà Tí Ọmọ Mi Dì Mọ́ Iṣẹ́ Rẹ̀

Owó dátà tí ọmọ mi obìnrin ń rà lóṣù kan ní Òkè-Ìlá, ǹ bá fi jẹun lọ́dún kan ní yunifásítì. Láàárọ̀ àná, nẹ́tíwọ̀kì lọ. Oníbàárà rẹ̀ láti Ìgèdè sì ti jókòó, kò ní gba ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kò dán wò lójú rẹ̀.

Mo bi í pé, "Sáfà, ẹ̀rọ tó ń dá ètò náà lóhùn láti ọ̀nà jíjìn, ńkọ́?"

"Mo ti di sáfà kékeré kan mọ́ ètò náà, Bàbá mi. Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi, títan ló kù, kò nílò nẹ́tíwọ̀kì. Ti ayé yín kọ́."

Ó ṣiṣẹ́, oníbàárà gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní ayé tiwa ní yunifásítì, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta là ń ru páálí káàdì tí a lu ètò wa sí lọ bá kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wa ti kú. Ọ̀kan wà ní Ìkéré, etí rẹ̀ ti di. Èmi náà ṣì wà.