Ilé Òkúta Tí Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ọmọ Houston tí ẹ kò rí òkè tó ga ju afárá freeway lọ, ṣùgbọ́n mo ti sùn lórí òkè gidi rí. Lánàá, aládùúgbò mi ní Pearland ń yan ẹran. Èéfín igi tútù gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì rántí Bọ̀dá Làmídì.

Àbúrò ni bàbá mi fi wọ́n ṣe. Apartment kan náà ni a jọ ń gbé ní àdúgbò Westchase nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá. Bàbá mi ní kí àwa mẹ́ta lọ gba atẹ́gùn. A wa mọ́tò títí ilẹ̀ fi gbé orí sókè. Bàtà ọ́fíìsì dídán ni Bọ̀dá wọ̀ gun òkè.

“Làmídì, ṣé interview lò ń lọ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ ibi tí ọ̀gá tuntun ń gbé?”

Ilé òkúta kan wà lókè pátápátá. Láyé ìgbà tí iṣẹ́ wọ́n, àwọn tí ebi ń pa ló kọ́ ọ, ìbaaka ló ń bá wọn ru òkúta. Kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹni tó ń gba owó ilé. Orúkọ àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ti bo tábìlì rẹ̀. Òfin kan ló ní: ẹni tó bá dáná níbẹ̀, kó wá igi mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀.

“Ilé tí kì í lé èèyàn jáde,” ni Bọ̀dá wí, wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, Bọ̀dá nìkan jáde lọ ṣẹ́gi. Kò pẹ́ tí kùrukùru fi bo òkè, òtútù sì dé. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pè, “Làmídì o! Làmídì!” títí ohùn wọn fi ha. Wọ́n wọ inú kùrukùru náà, wọn kò rí ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n padà wá bá mi. Òkè nìkan ló ń dá wọn lóhùn.

Mo gbọ́ pé fóònù ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, ẹni tó bá sọnù lè pe ilé. Wọ́n ní igi ìdáná ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí àjèjì fi sílẹ̀ fún àjèjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru ká. Ẹ̀yìn àpáta kan ni a ti rí Bọ̀dá, kò jìnnà sí ilé rárá. Igi wà láyà wọn, ètè wọn ti dúdú.

“Làmídì, o ò gbọ́ mi ni?”

“Mo gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí yín ni. Ìyá mi ní a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí nínú igbó.”

Bàbá mi kò bá wọn wí; ohun tí ìyá tiwọn náà kọ́ wọn nìyẹn. Wọ́n gbé orí Bọ̀dá lé itan, wọ́n tẹ̀ síwájú títí ojú fi ko ojú, wọ́n wá pe orúkọ náà jẹ́jẹ́.

“Làmídì.”

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Bọ̀dá dáhùn. Bàbá mi tún pè wọ́n, ṣùgbọ́n Bọ̀dá kò dáhùn mọ́ láéláé.