Báńà Tó Wà Nímú Mọ́tò

Èéfín ni mo kọ́kọ́ pè é, àṣé ooru omi ni. Ó ń tú fùù jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bo gíláàsì iwájú, bàbá tó ń gbé wa lọ sì ń wa mọ́tò bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń wí pé, “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́.” N kò mọ̀ bóyá mọ́tò ló ń bẹ̀ ni, tàbí àbúrò mi obìnrin tó wà lórí ẹsẹ̀ màmá mi lẹ́yìn, tó ń mí fée, fée, bíi pé atẹ́gùn ń gba ihò abẹ́rẹ́ kọjá.

Ayédé la ti ń bọ̀, Ìdó là ń lọ, nítorí ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀. Ikọ́ fée ló ń ṣe àbúrò mi, ọyẹ́ ọdún yẹn sì burú. Ètè gbogbo ènìyàn bẹ́, eruku pupa bo ewé kòkó. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu ti tán láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi sì wà níbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ta ló kù tí a ó sá tọ̀? Bàbá onímọ́tò tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ni. Màmá mi kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi ti kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò.

Ọkùnrin gígùn kan ni, ẹlẹ́nu bí aago, tó máa ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀. Kí agogo ìjọ Áńgílíkà tó dún láàárọ̀ ni a ó ti gbọ́ gbàgà! Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Á bu omi sí rédíétọ̀, á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, á nù ún sí àkísà, á sì gbóòórùn rẹ̀ bí ìyàwó ilé tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. “Ulé ni mọ́tò,” ní í wí lédè Èkìtì wa, “bí o ò bá tọ́jú ẹ̀, á wó lé ọ lórí.” Àwa ọmọdé a máa sín in jẹ lẹ́yìn ògiri. Bẹntiróò àti obì ni aṣọ rẹ̀ máa ń rùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló sìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, awakọ̀ bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń kó èrò láti Ayédé sí Òyè láti ìgbà èwe wọn. Ẹ mọ bí wọ́n ti í ṣe é lọ́dọ̀ wa. Bí awakọ̀ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ àwòrán rẹ̀ sórí báńà rọ́bà fẹ̀ǹfẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ iwájú mọ́tò wọn, òkú á wá máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá pàdé wọn lọ́nà. Bàbá náà ní òun kò ní tú tòun títí ìjọ́ kẹjọ á fi pé. Ọ̀wọ̀ ni, ta ló fẹ́ rí ohun tó burú níbẹ̀?

A ti kọjá Òyè dáadáa kí ooru yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí mọ́tò ti dúró, màmá mi gbé ọmọ kọ́ èjìká, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó ki jálá omi mọ́lẹ̀ nínú búùtù.

“Bàbá, ẹ ṣí i! Ẹ da omi sí i, ẹ jọ̀ọ́!”

“Ìyàwó, gbé omi yẹn sílẹ̀!” Bàbá náà na ọwọ́ méjèèjì dínà. “Bí mo bá ṣí ìdérí rédíétọ̀ yìí báyìí, omi gbígbóná á bó mi lójú. Ta ni á wá gbé ọmọ yìí dé Ìdó? Bí mo bá sì da omi tútù sára irin tó gbóná báyìí, irin á là. Uná wà nínú ẹ̀. A ó dúró.”

“Ọmọ mi ń kú lọ, ẹ ní ká dúró!”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A ó dúró.”

Hàà, mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn. Mo kórìíra ẹnu rẹ̀, mo kórìíra mọ́tò rẹ̀. Irin gbígbóná ń dún tín, tín, koríko gbígbẹ ń ha ara wọn, àyà àbúrò mi ń wọ inú bó bá ti ń fa èémí. Bàbá náà ń yí mọ́tò po. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá omi ń jò, kò jò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan rọ́bà omi, ó tẹ bẹ́líìtì wò, kò dẹ̀.

Ọlọ́kadà kan dúró. Ó ní òun lè gbé ìyá àtọmọ lọ. Màmá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan gun ọ̀kadà nígbà tí tírélà kan kọjá, tí eruku sì bo gbogbo wa. Àbúrò mi wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Bàbá náà kò pariwo. “Èmi ò lè dá ọ dúró, ọmọ rẹ ni. Ṣùgbọ́n eruku ló ń bá a jà yìí o.” Màmá mi sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó fi gèlè rẹ̀, tó ká ní ìlọ́po-ìlọ́po, bo imú àbúrò mi, ó sì padà sínú mọ́tò.

Nígbà tó yá, bàbá náà fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, ó yí i díẹ̀, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣìì! Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó wá ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. A gbéra. Mo ti ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. A ò rìn jìnnà tí ọwọ́ kékeré iwájú sítíárì, tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, tún fi ń gòkè. Gbogbo wa la ń wò ó.

Bàbá náà fọwọ́ lu sítíárì. “Kí ni mo ṣe ọ́? Kí ni mo ṣe ọ́, ìwọ mọ́tò yìí?”

Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi kún. Kò sí ibi tó ń jò. Fáànù ń yí. Ó ká ọwọ́ lérí, èmi náà sì sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró tì í, nítorí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lè wo àbúrò mi mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tó ń wo ìsàlẹ̀. Fáànù ń fa báńà yẹn wọlé. Ó ti lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ iwájú mọ́tò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọnú bíi ti ẹni tí ebi ń pa.

“Yéè! Umú ẹ̀ ni! Umú ẹ̀ la dí, atẹ́gùn ò ráyè wọlé!”

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó fa ọ̀bẹ yọ, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ sára okùn. Ó wo àwòrán náà. “Ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi. Ọmọ ọlọ́mọ ni.” Ó gé e. Ó wá yíjú sí màmá mi. “Ìyàwó, gèlè yẹn náà ti nípọn jù. Ṣí i díẹ̀ fún un.”

A tún dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ó ká báńà náà kó lè kéré, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fẹ́ àbúrò mi. Báyìí ni mo ṣe ń fi ojú òkú fẹ́ alààyè títí a fi dé Ìdó, mo ń wo àyà rẹ̀, mo ń wo ọwọ́ kékeré iwájú sítíárì yẹn. Ọwọ́ ẹ́ńjìnnì náà ti rọlẹ̀, kò gòkè mọ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ wa, wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú. Nígbà tí mo padà síta, bàbá náà ṣì di sítíárì mú. Kò tíì yọ kọ́kọ́rọ́, ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé ló ń wò.

“Ó ń mí?”

“Ó ń mí, Bàbá.”

Ó gba báńà lọ́wọ́ mi, ó fi apá aṣọ nu eruku ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló lọ so ó mọ́ ẹ̀yìn búùtù.

Èkó ni àbúrò mi wà báyìí pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èmi ni mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọjọ́ yẹn. Bí mo bá ń wakọ̀, ojú mi kì í kúrò lára ọwọ́ kékeré yẹn. Bí àwọn ọmọ mi bá sùn, mo máa ń tẹ́tí sí imú wọn. Mo sì ti mọ̀ pé ẹni tó ní ká dúró lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù nínú wa.

Ọyẹ́ tó kọjá ni bàbá náà lọ. Mo wa mọ́tò mi wá sí Ayédé fún ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ sì gbé báńà rẹ̀ dé, wọ́n ti na okùn síwájú. Mo ní kí wọ́n so ó sẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú wọn pòṣé. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bàbá ò tó kó wà níwájú mọ́tò yín ni?”

“Ó tó,” ni mo wí. “Òun gan-an ló tú ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí àbúrò mi lè mí.”

Ọmọkùnrin náà kó okùn iwájú kúrò. Ó gbé báńà náà lọ sẹ́yìn, èmi náà sì bá a di okùn rẹ̀.