Èbúté Tó Jìnnà sí Odò

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Ìyá Máàpù lọ́jọ́ tó sọ nílé pé òun fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, gbé ife tíì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, àwọn ẹgbẹ́ yín ń múra àtifẹ̀yìntì, ẹ̀yin ń múra àtiwọ kíláàsì!"

"Ẹ̀yìn tèmi ò tíì rí ibi tó fẹ́ tì," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Ìyá Máàpù. Àwọn ará ọ́fíìsì ló fún un. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀, nínú yàrá kan tó ní tábìlì onígíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa da máàpù tó ti gbó kọ sórí bébà tuntun, ọ̀nà ní pupa, omi ní búlúù, ààlà ní dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Wọ́n máa ń sọ pé bí Ìyá Máàpù bá fa ìlà, èèrà lè tọ̀ ọ́ délé láìṣìnà.

Ọ̀kan nínú àwọn máàpù yẹn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Orí aṣọ ni wọ́n yà á sí, kòkòrò sì ti jẹ etí rẹ̀. Agbègbè odò ńlá kan ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń dà á kọ ló rí ọ̀rọ̀ kékeré kan láàárín oko: Èbúté. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Láti ibẹ̀ dé etí odò ju máìlì méjì lọ.

Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí là ń pè ní èbúté. Kí ni èbúté ń ṣe láàárín oko? Ó gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

"Àṣìṣe ni," ni ọ̀gá wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ pa á rẹ́."

Ìyá Máàpù ò pa á rẹ́. Ó ṣí àwọn dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó máàpù àtijọ́ sí, àwọn dúrọ́ọ̀ tó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, ó yọ mẹ́rin tó jẹ́ ti agbègbè náà, èyí tí ọwọ́ ẹni mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yà. Èbúté wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti di egungun ẹja sí i lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu.

Ìwé ò ṣàjèjì sí i. Ó ti fi kíláàsì ọjọ́ Sátidé gba dìgírì méjì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ṣíbí gbọ́n omi kànga. Nítorí náà, yunifásítì ló gbà lọ. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ orúkọ ni, kó lọ sí Ẹ̀ka Èdè. Ẹ̀ka Èdè ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kó lọ sí Ẹ̀ka Ìtàn. Ẹ̀ka Ìtàn ní ọ̀rọ̀ odò ni, kó padà sí Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ilẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ń gbá a síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀ka Èdè ti wá mọ ìró bàtà rẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n tún ti dá yín padà sí wa ni?"

Akọ̀wé yìí náà ló ṣàánú rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka tuntun kan wà lókè, ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí. Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹkùn ni wọ́n ń pè é. Yàrá méjì péré ni, pẹ̀lú kẹ́tùlù kan, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni onítàn, onímọ̀ ilẹ̀, onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti jọ ń jókòó yí agbègbè kan ṣoṣo ká. Wọ́n ti rí i pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè.

Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé, ọkùnrin náà bi í pé, "Ẹkùn wo? Ṣé èyí tó ń pẹran jẹ?"

"Ẹkùn ilẹ̀ ni o, Bàbá Nọ́ọ̀sì."

"Ó dáa. Tìyẹn ò kúkú léyín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ló ń darí ẹ̀ka náà, onítàn ni, Ìyá Máàpù sì fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó tẹjú mọ́ máàpù aláṣọ náà títí tí omi kẹ́tùlù fi hó tó sì tún fẹ́ẹ̀ tutù.

"Mà, ibo lẹ ti wà láti ọjọ́ yìí?" ló béèrè.

"Ìsàlẹ̀ ni mo wà, mà. Wọ́n ń gbá mi kiri."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí ń pe tọ̀hún ní mà nítorí ọjọ́ orí, tọ̀hún ń pe èyí ní mà nítorí ipò, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ jókòó ṣáájú ẹnì kejì.

Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, Ìyá Máàpù ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi Sátidé mọ́. Yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò tún fẹsẹ̀ rìn. Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé ni ìyá àgbẹ̀ kan tó ń gbin àgbàdo sórí Èbúté gan-an.

"Mà, ṣé ẹ rí ọkọ̀ níbí rí?"

"Ọkọ̀ kan tó ń wá síbí ò ju ọmọlanke tèmi lọ," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi yí i padà?"

Ẹnì kejì ni atukọ̀ kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí kò tukọ̀ mọ́, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń tù ú. Òun ló ń mú un kiri oko, tó ń fi ọ̀pá nàka: ibí yìí là ń pè ní Ẹnu Omi, ọ̀hún yẹn ni Ìdí Ọkọ̀, ẹ̀yìn igi yẹn ni Ibú Ẹja. Ìyá àgbẹ̀ á ní kì í ṣe ẹ̀yìn igi yẹn, ẹ̀yìn igi kejì ni. Wọn á jiyàn títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí. Ìyá Máàpù á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, orúkọ mẹ́tàlélógójì ló ní lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀kan tí kò ní òórùn ẹja tàbí omi nínú wọn, lórí ilẹ̀ tó gbẹ bí egungun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì ilé ìdáná, ó fi àmì kékeré kan sójú ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà. Ọkọ rẹ̀ wọlé wá mu omi, pẹ́ńsùlù ń bẹ létí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ojú kan, bó ṣe máa ń wo pákó bóyá ó tọ́.

"Wọ́n ò tọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n ò dàrú."

Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fi ìlà so àmì kan mọ́ èkejì, ó so ó mọ́ ẹ̀kẹta, títí tí ìlà náà fi lọ́ bí ejò láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀.

"Ìyàwó mi," ló wí jẹ́jẹ́, "odò nìyí."

Igbe tí Ìyá Máàpù ké lọ́jọ́ náà, aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn láti mọ ẹni tó kú.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá yára yọ̀ ló máa ń yára kọsẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò pè é, ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ga bí òpó iná ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó pa á dé.

"Orúkọ lásán ò lè gbé omi, mà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà lẹ kó jọ. Iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n ò gba iṣẹ́ náà. Wọ́n fún un ní ọdún kan, pé bí kò bá rí ẹ̀rí mìíràn, kó gbàgbé rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ó kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ ní ibùdókọ̀ mẹ́ta kó tó mọ̀. Nígbà tó délé, kò lè bọ́ bàtà.

"Ṣé wọ́n ní irọ́ ni?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Wọ́n ní kò tó."

"Kò tó kì í ṣe irọ́. Bí pákó ò bá tó, òmíràn là ń fi kún un, a kì í dáná sun ilé."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ọ̀jọ̀gbọ́n gíga náà ló gbà lọ.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ẹ béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá a."

Ọkùnrin náà wò ó lọ, wò ó bọ̀. Bóyá àwọn tó ń sunkún ni ojú rẹ̀ ti mọ́, kò tíì rí ẹni tó padà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun. Ó fà á lé onímọ̀ ẹ̀rọ inú láàbù wọn lọ́wọ́, ẹni tó fi oṣù méjì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo irin gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bíi ti dírílì, tí wọ́n máa ń yí wọnú ilẹ̀ kí wọ́n lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ihò mẹ́sàn-án ló gbẹ́ káàkiri Èbúté, èjìká rẹ̀ wú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Àwọn ihò méjì àkọ́kọ́ ò mú nǹkan jáde ju ilẹ̀ pupa lọ. Láti inú ẹ̀kẹta, nígbà tí irin ti wọlẹ̀ ju ìdúró èèyàn lọ, yanrìn funfun ló jáde, tó dán, tó rí roboto, irú èyí tó jẹ́ pé omi tó ń ṣàn nìkan ló lè lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìkarahun kékeré méjì wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbẹ̀ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìṣáwùrú!" ló ké. "Kí ni ìgbín odò ń wá lábẹ́ àgbàdo mi?"

Ihò mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ló mú yanrìn odò jáde. Láàárín àkókò yẹn kan náà, òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn wọ yàrá tí ilé ẹjọ́ àtijọ́ ń kó ìwé sí, wọ́n sín títí imú wọn fi pọ́n, wọ́n sì rí ẹjọ́ kan tó ti lé lọ́gọ́fà ọdún. Abúlé méjì ló ń jà sí ẹ̀tọ́ àtimáa gbé èrò kọjá ní Èbúté. Adájọ́ ìgbà náà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìjà náà ò ní pẹ́ tán, nítorí odò ń sún kúrò níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Lọ́jọ́ tó máa gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Ọkọ rẹ̀ wọ kóòtù tó ti fún un. Nọ́ọ̀sì tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́. Atukọ̀ àti ìyá àgbẹ̀ ti dé ṣáájú àwọn tó ni gbọ̀ngàn. Kódà, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì wá jókòó sẹ́yìn.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi da ìbéèrè bò ó. Ó ń mú orúkọ, ó ń mú yanrìn, ó ń mú ìwé adájọ́, ó ń tò wọ́n léra, kò kán, kò wọ́. Níkẹyìn, ọ̀jọ̀gbọ́n gíga náà dìde.

"Mà, mo fẹ́ mọ ohun kan. Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ jẹ́? Onítàn ni yín ni, àbí onímọ̀ èdè, àbí ará ọ̀dọ̀ wa?"

Ìyá Máàpù mí kanlẹ̀.

"Sà, nígbà tí odò yẹn ń kó kúrò nílé, kò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka kankan. Ó gbé ilẹ̀ lọ, ó gbé iṣẹ́ àwọn èèyàn lọ, ó sì fi orúkọ sílẹ̀. Èmi kàn tẹ̀ lé e ni."

Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n gíga náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Olùdánwò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, obìnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀, bi í ní ohun tí gbogbo iṣẹ́ yìí wúlò fún.

"Ọgọ́fà ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn, mà. Máàpù rẹ̀ wà lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wu ojú. Ṣùgbọ́n inú odò ni, bí òjò bá pọ̀ jù, omi mọ ọ̀nà ilé."

Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ọ̀jọ̀gbọ́n onítàn ló sì yọjú, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé," ló wí, "ẹ máa wọlé."

Nọ́ọ̀sì fò mọ́ ìyá rẹ̀ débi pé ìgò ojú àwọn méjèèjì já bọ́. Káfíńtà ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, títí kan akọ̀wé Ẹ̀ka Èdè, tó sáré gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ìyá àgbẹ̀ àti atukọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹni tó sọ orúkọ púpọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. "Ogún ni tèmi!" ni atukọ̀ wí. "Ìwọ àti ogún wo? Igi tó o ń pè ní èkíní gan-an, èkejì ni!"

Ọ̀gá ọ́fíìsì dúró títí èrò fi dín kù. Ó sọ fún Ìyá Máàpù pé òun fẹ́ kí àwọn jọ lọ rí àwọn tó ń kọ́ ilé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ó bá òun mú ìkarahun yẹn lọ́wọ́, torí àwọn èèyàn náà kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bọ̀rọ̀. Wọ́n lọ. Ó gba ìpàdé mẹ́rin kí wọ́n tó gbé ilé ọgọ́fà náà lọ sórí ilẹ̀ gíga tó wà lápá kejì.

Ọdún kejì ni òjò ńlá rọ̀. Odò kún, ó ya, omi sì gba àárín oko kọjá fún ọjọ́ mẹ́fà. Àgbàdo ìyá àgbẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n ó ti kó ẹrù rẹ̀ sókè ṣáájú, ara rẹ̀ sì le. Òun ló kọ́kọ́ pè lórí fóònù.

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ ò máa bọ̀? Atukọ̀ ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èbúté, nísàlẹ̀ oko mi. Ó ní òun ò ní sọ̀ nínú rẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò."